Bándì mẹ́ta ta nínú gbọ̀ngàn kékeré ní Tanke, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ọmọ Tanke:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti gbogbo ọmọ Kwara tó bá wà níbí. Mo ṣèlérí pé màá sọ bí nǹkan ṣe lọ ní Sátidé fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níkùn mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Gbọ̀ngàn kékeré tí àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa fi ń ṣèpàdé ní Tanke níbí la gbà. Àga 120 ló gbà, ìyẹn tẹ́ ẹ bá fún wọn pọ̀ mọ́ra dáadáa. Bándì mẹ́ta ló ta: àwọn ọmọ Unilorin márùn-ún tó ń ta háíláìfù, àwọn onígángan láti Pàkátà tí wọ́n mú onígìtá kan mọ́ra, àti àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù kọrin. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ilé-iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ jáde, kò sí máníjà, owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń ra okùn gìtá. Orin tí wọ́n fúnra wọn kọ sílẹ̀ sì ni wọ́n kọ fún wa, àdéhùn tá a bá wọn ṣe nìyẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn èèyàn dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ òde wa, bándì á máa kọrin, aláàsè á máa pín ìrẹsì, wọ́n á máa pín ike àti táwẹ̀lì, alága ìdúró á já maìkì gbà pé kí ìyàwó jó wọlé, olórin á kàn dà bíi fáànù tó ń yí lókè, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Sátidé yìí kò sí oúnjẹ, àfi sóbò àti wàrà tí ìyá kan ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn obìnrin yẹn mú orin kan tó rọra ń lọ, tí wọ́n fi ń sọ bí odò Àsà ṣe máa ń rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbọ́ ìró ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni mo ti ń lọ òde, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ò dáa náà. Maìkì hó títí etí fẹ́ẹ̀ ya, kíbọ́ọ̀dù kú lẹ́ẹ̀mejì, a ò sì tètè bẹ̀rẹ̀. Owó wá ńkọ́? Ẹni 83 ló san ₦1,000 lẹ́nu géètì, ó jẹ́ ₦83,000. Spíkà àti míksà tá a háyà, ₦30,000. Epo jẹ́nẹ́rétọ̀ ₦18,000, ẹ̀yin náà mọ bí epo ṣe dà láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀. Gbọ̀ngàn ₦10,000, àga ₦6,000. Ó ku ₦19,000 fún bándì mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lé díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí nígbà tí mo ń kó o lé wọn lọ́wọ́.

A tún kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn pé kò sí níná owó fún olórin, kò sí lílẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Mo fẹ́ kí irú ẹ̀ máa wà lóṣooṣù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀.

Béèsì Ló Kù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Èmi ni mo ta béèsì nínú bándì tó kọ́kọ́ ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kójú tì yín rárá. A kó dírọ́ọ̀mù àti ẹ̀rọ gìtá sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá méjì, owó yẹn san kẹ̀kẹ́, ó sì kù. Ó kéré o, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, òde tá a ta lọ́dún tó kọjá lé ní ogún, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lórí ìdúró, orin ẹlòmíì la sì ń kọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tá a bá ti fẹ́ yọ́ tiwa kan sí àárín báyìí, kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi wá bá wa létí sítéèjì pé Mọ́mì ní kẹ́ ẹ kọ èyí táwọn mọ̀.

Sátidé yìí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi gbọ́ orin wa. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan wà ní ìlà kejì, ó wọ bùbá búlúù, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí orin wa kejì, mo sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ yẹn nítorí ó ń mú inú mi dùn. Nígbà tó yá ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá wa mu mọ́. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, ó dúró. Àwa la ti sáré kúrò níbi tó wà. Onídírọ́ọ̀mù wa máa ń sáré tára ẹ̀ bá ti yá, nínú òde kò sẹ́ni tó máa mọ̀ torí ariwo, àwa náà ò mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì gbáko. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn la padà sí yàrá tá a ta orin yẹn lẹ́ẹ̀mẹjọ, títí ó fi jókòó. Ibo la fẹ́ ti rí irú ẹ̀ kọ́, bí kì í bá ṣe inú yàrá kékeré táwọn èèyàn ti ń wò wá lójú?

Sáńdìmàn Gáà Àkànbí:

Mo wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ọmọ Tanke, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ maìkì yẹn torí kì í ṣe maìkì ló burú. Ohùn olórin wọ maìkì, spíkà gbé e jáde, ohùn tó jáde yẹn tún padà wọ inú maìkì kan náà, spíkà tún gbé e sókè sí i, ó ń yí po bẹ́ẹ̀ títí á fi di híììì tó ń gún etí. Ẹ̀yìn àwọn olórin lẹ gbé spíkà sí, ẹ dojú ẹ̀ kọ maìkì gangan, báwo ni kò ṣe ní hó? Ẹ gbé e síwájú, kó kọjá àwọn olórin, kó dojú kọ àwọn tó jókòó. Tí olórin bá fẹ́ gbọ́ ara ẹ̀, ẹ gbé spíkà kékeré kan sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kó máa wo ìdí maìkì. Shure SM58 tí gbogbo wa ń lò yìí, láti 1966 ló ti wà, ọ̀kánkán iwájú ẹ̀ ló ń gbọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹ̀yìn. Àmọ́ tí olórin bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ẹ̀ bíi tàwọn ráápà, iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ibi gbogbo láá máa gbọ́. Ọmọ Unilorin tó ń kọrin, bó ṣe ń dì í mú nìyẹn, ẹ bá mi sọ fún un, ohùn ẹ̀ dùn, kó jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Gbọ̀ngàn yẹn fúnra ẹ̀ náà ní tiẹ̀. Páànù lókè, sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́, táìlì nílẹ̀, ohùn á kàn máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Ẹ yá aṣọ tó nípọn lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, ẹ fi kọ́ ara ògiri ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ẹní sórí sítéèjì. Ẹ má sì fi maìkì sí dírọ́ọ̀mù àti gángan nínú ilé tó gba èèyàn 120, ariwo tiwọn ti tó. Gbogbo maìkì tẹ́ ẹ bá ṣí sílẹ̀ ló ń mú kó yá láti hó. Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, míksà kékeré tó, ẹ ò ní háyà ti ₦30,000 mọ́, ìdajì ẹ̀ á ṣe é.

Ti kíbọ́ọ̀dù tó kú, fíríìjì tí wọ́n fi ń mú sóbò tutù ló pa á. Fíríìjì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra máa ń fa iná ní ìlọ́po ìlọ́po ju ìgbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré á mí kanlẹ̀, kíbọ́ọ̀dù á kú, á tún tàn. Ẹ ra yìnyín sínú kúlà, ó parí.

Onígángan Pàkátà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi ni bàbá tó lu gángan fún àwọn ará Pàkátà ní Sátidé.

Mo dúpẹ́ ẹ̀yẹ tí ẹ yẹ́ wa. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo ti ń tẹ̀lé àwọn onídàdàkúàdà, àwọn tó ń kọ orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, kiri, ìgbà tí Odòlayé Àrẹ̀mú ṣì wà láyé, kó tó kú ní 1997, ìgbà tí Jáígbadé Àlàó á wọ agbo tí agbo á pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kí èèyàn dákẹ́ gbọ́ orin jẹ́ ohun tuntun, kì í ṣe tuntun. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú dàdàkúàdà, tí o ò bá dákẹ́ kí lo fẹ́ gbọ́? Àwọn àgbà sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléégún, ló ti ṣẹ̀, kó tó di ohun tí tèwe-tàgbà fi ń ṣe ìkómọ àti ìgbéyàwó nílùú yìí. Wọ́n sì ń kì wá pé Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀, ìlú tó tóbi tó báyìí wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wọn, ọ̀kọ̀ lorò ilé baba wọn. Lójú tèmi, ibi tí eégún ò jókòó sí yẹn, olórin ló wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì ló dùn mí. Èkíní, ọmọ tó ń ta gìtá fún wa. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ á kàn yí ohùn padà láti orin kan sí èkejì láì wojú mi. Gìtá ní ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń gbé, gángan ò ní. Apá mi ni mo fi ń fún ọṣán tí ohùn á fi gòkè, tí mo bá dẹ̀ ẹ́ á wálẹ̀. Mo lè bá gìtá dé ibikíbi tó bá ń lọ, kó ṣáà sọ fún mi ká tó bẹ̀rẹ̀. Òjò tún ti rọ̀ ní Jímọ̀, awọ gba òtútù, ó rọ̀ jọwọrọ, wọ́n sì ní kí n jókòó sínú yàrá kí n máa retí. Awọ ń fẹ́ oòrùn. Tí ìlù mi bá ti yá oòrùn fún wákàtí kan báyìí, kọ̀ǹgọ́ á fọwọ́ kàn án á dáhùn.

Èkejì ni ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn. Mi ò fara mọ́ ọn. Owó tí wọ́n ń ná fún wa kì í ṣe owó bárà. Mo wo èèyàn lójú, mo mọ ilé tó ti wá, mo fi ìlù pe orúkọ bàbá bàbá ẹ̀, orí ẹ̀ wú, ẹ wá ní kó jókòó kó máa pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ ò ra iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe jẹun, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán ọmọ tó ń bá mi tẹ̀wé yìí níléèwé. Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹ sì di ọ̀nà mìíràn mọ́ mi.

Àdùkẹ́ Olóhùn:

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò ta ko iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́mọ.

Àwa obìnrin mẹ́rin yẹn la bẹ ẹ̀gbọ́n Tanke pé kí wọ́n lẹ̀wé yẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin, tí wọ́n bá fẹ́ náwó fún yín, iwájú orí ni, ó tán. Tiwa kì í tán síbẹ̀. Ó níbi tá a ta nínú oṣù kẹta, mi ò ní sọ ibẹ̀, ọkùnrin kan lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó wá ń wá ibi tó tún máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú aṣọ mi, èmi sì ń kọrin lọ, mò ń rẹ́rìn-ín, torí tí mo bá dákẹ́ orin ló bàjẹ́, tí mo bá tì í, wọ́n á ní mi ò mọyì èèyàn. Mo délé, mo sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó jẹ́ àṣà, àwọn ìyá wa ní Ìlọrin níbí ti ń fi orin wákà pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé látayébáyé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n lára.

Yàtọ̀ síyẹn òfin wà. Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti 2007, abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà níbi àríyá tàbí tó ń jó lé e lórí ti lùfin, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí ò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Gbọ̀ngàn kékeré tí ò ní alágbára kankan lẹ́yìn, ṣé ibẹ̀ la fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá wa?

Orin odò Àsà tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn, èmi ni mo lé e. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo dijú kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo mọ̀ pé kò sí ọwọ́ kankan tó ń bọ̀.

Béèsì Ló Kù:

Àǹtí Àdùkẹ́, mi ò mọ̀ pé báyìí ló ń rí fún yín. Gbogbo òde tá a jọ pàdé yín, mo rò pé inú yín ń dùn ni.

Onígángan Pàkátà:

Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n ka èyí tí o kọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò wò ó láti ibi ọwọ́ yẹn rí, mo sì ní ọmọbìnrin mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ gbé igbá kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde, igbá ńlá, kẹ́ ẹ bò ó. Ẹni tí orí ẹ̀ bá wú, á dúró títí orin á fi tán, tó bá ń lọ á ki ọwọ́ bọ àpò tiẹ̀. Igbá bándì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ìjà má wà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa kì o. Ìyẹn ni mi ò ní gbà kẹ́ ẹ gbà lẹ́nu mi. Ẹ ò lè ní kí gángan má pe orúkọ èèyàn.

Ọmọ Tanke:

Bàbá, igbá yẹn mọ́gbọ́n dání, a máa ṣe é. Ẹ máa kì ní tiyín, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó ní kẹ́ ẹ má kì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó má lọ jẹ́ olówó nìkan lẹ máa rí kì, kí àwọn tó san ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ò ní ju ẹgbẹ̀rún kan náà lọ wá máa rò pé wọn ò kà wọ́n sí.

Onígángan Pàkátà:

Ta ní sọ fún ẹ pé olówó nìkan ló ní oríkì? Bi ìyá tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà yẹn léèrè. Nígbà tí mò ń wọlé mo fi ìlù kí i, mo bá a délé ìyá ẹ̀ ní Òkè-Ọ̀yì. Wàrà tó fi sínú ewé fún mi, kò gba owó ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tanke:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ò wá ba ayọ̀ yín jẹ́, orin yẹn dùn, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ torí mi ò ní ọ̀nà tí mi ò fi ní gbọ́ ọ, ilé wa ló kángun sí gbọ̀ngàn yẹn, fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ló kọjú sí i. Ẹ pín ìwé kiri pé aago márùn-ún. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọrin la Ìṣáì kọjá, àwọn ààfáà wa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ojú pópó, béèsì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú lẹ tó pa á. Ọmọ mi àgbà ń ṣe WAEC, ó ní Mátíìsì ní Mọ́ńdè, ó kó ìwé lọ sílé àǹtí ẹ̀ ní Fate.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń ta nǹkan gidi níbẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fi ń jókòó sórí afárá lọ. Àmọ́ ẹ kàn ilẹ̀kùn wa kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ sọ fún wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Alááṣárì, kẹ́ ẹ parí kí Mọ̀gàríbì tó dé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi á wá jókòó.

Ọmọ Tanke:

Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì wá. Kò sí àwáwí kankan, a ṣẹ̀ yín. Mo ti lọ rí Ìmáàmù ní Mọ́ńdè, mo máa wá sílé yín náà lónìí tẹ́ ẹ bá wà nílé. Ohun tó mú wa pẹ́ ni pé bándì kọ̀ọ̀kan gbé ohun èlò tiẹ̀ wá, àtitú àti àtitò gba ogójì ìṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà.

Sáńdìmàn Gáà Àkànbí:

Dírọ́ọ̀mù kan, ẹ̀rọ gìtá kan, ẹ̀rọ béèsì kan, kí gbogbo bándì pín in lò. Onídírọ́ọ̀mù á kàn mú pẹ́dà àti igi tiẹ̀ wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa fi pààrọ̀. Aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ààbọ̀ á gba bándì mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì dán an wò láàárọ̀, kì í ṣe ìgbà tí èrò ti jókòó.

Ọmọ Ọmù-Àrán:

Aago mẹ́rin yẹn, ẹ ṣé o, torí ó máa jẹ́ kí àwa ará Ìgbómìnà náà lè wá. Mọ́tò alẹ́ láti Ìlọrin padà sí Ọmù-Àrán kì í ṣe nǹkan tí mo fẹ́ fi ẹ̀mí mi dán wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bándì mẹ́rin ni mo mọ̀ ní ìlú wa, mẹ́ta nínú ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ gìtá àti dírọ́ọ̀mù. Ẹ lọ sí Ìlọrin, ẹni tó lóhùn dáadáa, ilé-kéwú tàbí ẹgbẹ́ àsáláátù ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn. Fújì gan-an, inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sáàrì nínú ààwẹ̀ ló ti jáde, Kollington Àyìnlá, olórin fújì tó jẹ́ pé Ìlọ́ta lẹ́bàá Ìlọrin níbí ni wọ́n ti ṣẹ̀ náà wà lára àwọn tó gbé e dé ibi tó dé. Ohun tí mò ń wí ni pé nílùú wa, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló ń kọ́ wọn, òde ló ń bọ́ wọn, kò wá sí ibi tí wọ́n ti lè kọ ohun tó wà lọ́kàn tiwọn. Ọmọ tó ta béèsì fún Ọlọ́run láàárọ̀ Sọ́ńdè, tó sì ta á fún ìyá ìyàwó ní Sátidé, ìgbà wo ló fẹ́ ta á fún ọmọbìnrin tó já a jù sílẹ̀? Mo gbà pé gbọ̀ngàn Tanke yẹn ló máa dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbà yín lálejò ní Ọmù-Àrán náà. Ilé-ìwé aládàáni kan ń fún wa ní gbọ̀ngàn wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò ọlidé, àga wà níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà:

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan fún yín, tọkàntọkàn ni. Àwa náà ṣe irú ẹ̀ ní Ọ̀ffà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ Pólì ló pọ̀ nínú ẹ̀. Èkíní dùn, èkejì dùn. Ìkẹta, ẹnì kan nínú wa ní ká wá alága tó máa fún wa lówó spíkà, a sì wá a. Olóyè náà fún wa lówó, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó gba maìkì láti sọ̀rọ̀ ìkíni, ó lò ó fún ìṣẹ́jú 50, àwọn èèyàn ẹ̀ ń wọlé wọ́n ń dìde kí wọn, bándì kejì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹ̀ sínú orin. Orin tí ọmọ yẹn kọ nípa ìyá ẹ̀ tó kú, orúkọ olóyè ló gbé síbi tí orúkọ ìyá ẹ̀ wà. Mo jókòó síbẹ̀, nǹkan kan já nínú mi. A ò ṣe ìkẹrin.

Torí náà ẹ má wá alága. Ẹgbẹ̀rún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú, kódà tí kò bá pọ̀, torí ẹni tó san ẹgbẹ̀rún kan ò lè ní kí wọ́n dá orin dúró nítorí òun. Ọ̀rọ̀ owó bándì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná, kí bándì kọ̀ọ̀kan ní iye tó máa gbà, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló wá. Ìnáwó yòókù ló yẹ kó dúró de owó, kì í ṣe olórin.

Àdùkẹ́ Olóhùn:

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn mà dùn mí o. Ọmọ yẹn ṣì ń kọrin?

Ọmọ Ọ̀ffà:

Ó ń ta kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ orin yẹn lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Àdùkẹ́ Olóhùn:

Ẹ bá mi sọ fún un kó wá. Kó wá kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù wa wà níbẹ̀, kó má gbé nǹkan kan dání.

Ọmọ Tanke:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo jókòó tún un ṣírò lálẹ́ àná. Spíkà àti míksà kékeré, ₦15,000, Sáńdìmàn ti bá wa wá a. Epo á wálẹ̀ sí bíi ₦9,000 torí fíríìjì ò sí níbẹ̀ mọ́, ojúmọmọ ni, wákàtí sì dín. Gbọ̀ngàn ₦10,000, àga ₦6,000. Àpapọ̀ ₦40,000. Tó bá jẹ́ ẹni 83 kan náà ló wá, ₦43,000 ló máa kù, bándì kọ̀ọ̀kan á gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lé, igbá tiwọn sì tún wà lọ́tọ̀. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦10,000 ni ẹnikẹ́ni ò ní gbà dín, tí géètì ò bá kó o dé ibẹ̀, èmi ni màá fi kún un.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago mẹ́rin gééré. Dídán an wò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá Ìbejì, a ti fi àga kan sílẹ̀ dè yín ní ìlà kìíní, WAEC á ti parí nígbà yẹn, ẹ mú ọmọ yẹn dání, kò ní sanwó. Ọmọ Ọmù-Àrán, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa oṣù tó tẹ̀lé e.

Onígángan Pàkátà:

Aago mẹ́sàn-án ni màá ti dé, kí n gbé ìlù sóòrùn níwájú gbọ̀ngàn. Ẹ wá ẹni tó máa ṣọ́ ọ, àwọn ewúrẹ́ pọ̀ ládùúgbò yẹn.

Béèsì, ìwọ ọmọ Unilorin yẹn. Orin yín kejì, èyí tí ẹ sáré pa yẹn. Mo gbọ́ ibì kan nínú ẹ̀ tí gángan lè wọ̀ tó bá di pé ẹ fún un láyè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn wo lẹ fi ń ta á?

Béèsì Ló Kù:

Ohùn A ni, Bàbá. Màá ta á sínú fóònù lálẹ́ yìí, màá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ọmọ yín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe yẹ kó máa lọ. Àwa náà á dé láago mẹ́sàn-án. Onídírọ́ọ̀mù wa ló ní kí n sọ fún yín pé òun ló máa ṣọ́ ìlù.